Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Ya Ẹni Tí Kò Húkọ́ Sọ́tọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ aláìsàn jókòó sílé fún ọjọ́ 14, kódà bí ara rẹ̀ le koko bí ọta. Ṣé kò tó kí wọ́n ya ẹni tó ń húkọ́ nìkan sọ́tọ̀ ni?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìwà àrùn kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí a ó ṣe gbógun tì í. Àrùn SARS, àrùn èémí tó jẹ́ ìbátan Kòrónà, tó bẹ́ sílẹ̀ lápá ìparí ọdún 2002, mú ènìyàn tó lé ní 8,000, ó sì pa 774 nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú kì í sábà kó o ran ẹlòmíràn kí ibà tó dé sí i. Ìgbà tí àìsàn náà bá wọ̀ ọ́ lára tán ló ń ràn jù. Nítorí náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń tètè dá aláìsàn mọ̀, tí wọ́n ń yà á sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn tó fara kàn án, àrùn náà kò rí ibi ràn mọ́. Nínú oṣù Keje ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé wọ́n ti kápá rẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan.

Kòrónà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kòkòrò rẹ̀ ti máa ń pọ̀ ní imú àti ọ̀fun ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní mọ̀ ọ́n lára títí yóò fi lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, orin tí wọ́n ń kọ, àní èémí wọn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, lè kó o ran ẹni tó wà nítòsí. Ẹni tó bá dúró de ikọ́ ti lè ran gbogbo ará ilé kó tó mọ̀. Ní ti ọjọ́ 14, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmì àìsàn máa ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì lára àwọn díẹ̀.

Lójú tèmi, ìjọba tó bá sé alágbàṣe mọ́lé láìpèsè oúnjẹ fún un kò ṣe ẹ̀tọ́, nítorí ebi yóò lé e jáde kí ọjọ́ tó pé.

Bí irú rẹ̀ bá tún kàn yín, ẹ dá sùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lo ìbòmú níwájú ará ilé. Bí èémí bá ń ṣòro, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan kí ẹ tó pe dókítà.