Ẹja Tí Eyín Rẹ̀ Jọ Tèèyàn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Florida níbí, a fa ẹja kan jáde nídìí òpó afárá. A la ẹnu rẹ̀, eyín bíi tèèyàn ló kún ibẹ̀! Kí ló ń fi ṣe? Kí ló sì dé tí ìjẹ fi ń tán lórí ìwọ̀ wa tí a kì í mọ̀ ọ́n lára? (Òǹkàwé kan, Jacksonville)

Ìdáhùn: Sheepshead nìyẹn. Ìlà dúdú márùn-ún sí méje ló máa ń gba ara rẹ̀ kọjá láti ẹ̀yìn wá sí ikùn. Eyín iwájú tó yà yín lẹ́nu yẹn ló fi ń họ barnacle, ohun abìkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òpó àti ìdí ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ gidi wà lẹ́yìn: eyín róbótó, ìlà mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ló fi ń rún akàn àti òísítà wómúwómú. Nígbà tó bá ṣì kéré, inú koríko òkun ló ń gbé, ohun rírọ̀ ló ń jẹ. Àfi tó bá gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kó tó lè fọ́ ìkarahun. Àgbà rẹ̀ náà ń jẹ ewé omi o, ẹ má pè é ní ajẹran nìkan.

Ní ti ìjẹ, kì í gbé e sá lọ bí ẹja mìíràn. Ojú kan ló ti ń rún un, á sì tu ìwọ̀ dànù. Ẹ lo ìwọ̀ kékeré tí irin rẹ̀ nípọn, nítorí ẹnu yẹn a máa ká èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Akàn kékeré dára ju edé lọ, torí ẹja wẹ́wẹ́ kì í tètè já a jẹ. Ẹ sọ ọ́ sún mọ́ òpó gan-an, ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀. Bó bá ti wúwo díẹ̀, ẹ gbé e sókè. Bí okùn bá ń já, barnacle ló ń rẹ́ ẹ, ẹ fi èyí tó nípọn sí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹja yìí ni wọ́n fi sọ Sheepshead Bay, àdúgbò kan ní Brooklyn nílùú New York, lórúkọ?

Ìdáhùn: Òun ni. Ó pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́.