Ọkọ̀ ojú irin Tri-ang àtijọ́ lórí irin tuntun

Ìbéèrè: Mo ra ọkọ̀ ojú irin ìṣeré Tri-ang Princess kan ní ọjà àlòkù níbí ní Birmingham, mo sì ra irin Peco Code 75 tuntun fún un (nọ́ńbà Code ló ń sọ bí irin ṣe ga tó). Lórí irin gbọọrọ, ńṣe ló ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Tó bá dé ibi tí irin ti yà, á jábọ́. Ṣé kí n fi fáìlì rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì kàn án. Irin ni kí ẹ pààrọ̀. Irin pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n Princess tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé kò pọ̀ mọ́.

Àlàfo àárín irin méjèèjì kọ́ ló fa wàhálà, torí 16.5 mm náà ni látijọ́ àti nísinsìnyí. Gíga irin ni. Irin Code 75 ga ní nǹkan bíi 1.9 mm, Code 100 ga ní 2.54 mm. Etí ẹsẹ̀ Tri-ang, èyí tó yọ sísàlẹ̀ láti di ọkọ̀ mú sórí irin, jìn, ó sì ń gbá àwọn ike kéékèèké tó di irin mú sórí igi ìdábùú. Ìyẹn ni ariwo tí ẹ ń gbọ́. Lórí Code 100, á dákẹ́.

Ti ibi ìyapa tún yàtọ̀. Ẹ fi kálípà wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Ti òde òní sún mọ́ 14.5 mm, ti Tri-ang sábà máa ń dín ní 14 mm. Nítorí náà ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á há mọ́ ọ̀pá ìdarí, ìyẹn ọ̀pá kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin níbi ìyapa, á gun orí rẹ̀, á sì jábọ́. A tẹ ẹsẹ̀ ńlá wọ̀nyẹn mọ́ ọ̀pá wọn ni, wọ́n lè là bí ẹ bá fà wọ́n láti mú àlàfo náà fẹ̀. Ọ̀pá ìdarí orí irin ni kí fáìlì kàn: ẹ rẹ́ ojú tó kọ sí irin díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ti ọkọ̀ náà kọjá pẹ̀lú ọwọ́ títí tí kò fi ní há mọ́.

Bí iná bá ń já níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó fẹ̀ ló ń kan irin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ sórí irin níbi tí wọ́n ti pàdé, mìlímítà díẹ̀ péré.

Ẹ má fi ẹ̀rọ DCC (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ láti darí ọkọ̀) sí i kí ẹ tó yọ kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ mọ́tọ̀ kúrò lára férémù. Nínú mọ́tọ̀ X.04, ọ̀kan nínú kábọ́ọ̀nù méjèèjì kan férémù, á sì jó ẹ̀rọ náà.

Tí ẹ bá tún ra Hornby Dublo onírin mẹ́ta, ẹ má gbé e sórí irin yìí rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ìdènà iná, kíá ni yóò so irin méjèèjì pọ̀.