Omi orúnkún rẹ kò gbẹ, ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ ló rẹlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta. A ó gba Ìlíṣàn lọ sí Agọ́-Ìwòyè, ká ti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ká wá gba Òru bọ́ sí Òkè-Ẹ̀rí láti wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ yẹn. Látìgbà tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ náà dánra wò ni iwájú orúnkún mi méjèèjì ti ń ro mí. Bàbá kan tó ń ta oògùn lọ́jà ní omi orúnkún mi ló ti gbẹ. Ó ní kí n ra àgbo tí yóò dá a padà, kí n sì máa lo kápúsù kan láàárọ̀ kí n tó gun kẹ̀kẹ́. Ṣé ìgò mẹ́ta yóò tó mi lò dé Òkè-Ẹ̀rí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra ìgò kankan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ìwọ lẹni kẹrin tó máa gbé ọ̀rọ̀ omi orúnkún wá bá èmi físíò, tí mò ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ó ń dùn mí wọra, torí owó oúnjẹ ọmọ làwọn èèyàn ń kó lé àwọn tó ń tà á lọ́wọ́.

Nínú orúnkún tó dá ṣáṣá, omi tó wà níbẹ̀ kì í sábà kún ṣíbí tíì kan. Ó ń yọ̀, ó ki bíi funfun ẹyin tútù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú oríkèé ló ń sun ún jáde tọ̀sán-tòru, bí o bá sì ṣe ń rìn ló ń kárí. Kì í ṣe omi inú táǹkì tó máa tán kí wọ́n tó bu òmíràn sí i. Àgbo tí o bá mu, ikùn ló ń lọ, kò sí páìpù tó ti ibẹ̀ já sí orúnkún. Kódà, bí orúnkún bá ń ṣàìsàn, ńṣe ni omi náà sábà máa ń pọ̀ sí i. Òun ló ń jẹ́ kó wú. Àwọn àgbà tí orúnkún wọn ń ró, kerekere tó bo orí eegun ló ń jẹ lára wọn díẹ̀díẹ̀, ìgò kì í wo ìyẹn náà sàn.

Kápúsù àárọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ oògùn ara ríro bíi diclofenac ni, tí o gbé e mì tán tí o lọ ń làágùn nínú oòrùn láìmu omi tó, kíndìnrín rẹ lè fara gbá a. Ìrora tó yẹ kó sọ fún ọ pé kí o dúró, o kò sì ní gbọ́ ọ mọ́.

Ó ku kẹ̀kẹ́. Olùkọ́ kan gun tirẹ̀ wá bá mi nígbà kan, ẹjọ́ kan náà ló rò. Mo ní kó gùn ún nínú ọgbà wa kí n wò ó. Bó ti jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Bó ṣe ń wa pẹ́dà, orúnkún rẹ̀ ń gòkè bí ẹni fẹ́ kan ìdodo. Sípánà la wá, a kò wá oògùn. Bí ìjókòó bá rẹlẹ̀, orúnkún á ká jù, iṣan itan á sì máa fi eegun róbótó iwájú orúnkún tẹ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá ń yí pẹ́dà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó di ìgbà 3,600 láàárín wákàtí kan.

Fara ti ògiri, jókòó sórí kẹ̀kẹ́, fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ nà tán láìjẹ́ pé ìdí rẹ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí o bá ń gùn ún, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn àwọn ìka, ni kí o fi máa wà á, orúnkún á ká díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa gbé ìjókòó sókè, má ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan wà lára ọ̀pá rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yọ síta. O kò ní lè tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ mọ́ bí o bá dúró. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù nìyẹn, ṣùgbọ́n ńṣe ni kí o sọ̀ kalẹ̀ síwájú ìjókòó. Tó bá wá di pé ẹ̀yìn orúnkún ló ń ro ọ́, o ti gbé e sókè jù.

Jíà tó fúyẹ́ ni kí o fi gun òkè. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ kò bá ní jíà, sọ̀ kalẹ̀ kí o tì í. Ẹ mú pọ́ǹpù àti túùbù kan dání, ẹ má dúró de fọ́kanáísà. Gààrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà ti tó yín jẹ lójú ọ̀nà. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ má sì sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, nítorí tírélà.

N kò tíì fọwọ́ kan orúnkún rẹ o. Bó bá wú, tó gbóná, tó ń há, tàbí tó ń jí ọ lóru, má lọ síbì kankan, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi ọ̀sẹ̀ méjì sún ìrìn àjò náà síwájú. Gbé ìjókòó sókè, máa gùn ún lọ sí Ìlíṣàn kí o sì padà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí o wá kọ̀wé sí mi kí ẹ tó gbéra.