Bí ọkọ yín kò bá tíì fẹ́ lọ, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ lọ

Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Ẹ ní láti ìgbà tí ọkọ yín ti ojú ogun dé, kò rí oorun sùn mọ́, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara tí wọ́n júwe fún yín. Ẹ wá bèèrè pé ṣé ẹ̀yin nìkan lè lọ, àbí ńṣe lẹ máa dà bí ẹni tó ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ lọ. Ẹ má dúró dè é.

Àwọn àgbà ní ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ PTSD, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tí ohun ẹ̀rù téèyàn fojú rí máa ń dá sílẹ̀, mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Kéèyàn máa sá fún ohunkóhun tó lè rán an létí, ara àìsàn náà gan-an ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè é ní agídí mọ́. Oṣù méje ni mo fi bẹ ọkọ tèmi, mo sunkún, mo bínú. Nígbà tí èmi náà kò sùn mọ́ ni mo dìde lọ sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra mi.

Lóru ọjọ́ kan ó ń kígbe lójú oorun, mo sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé kí n jí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fún mi lọ́rùn. Ìgbà tí ojú rẹ̀ là tó rí ẹni tó dì mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn ní pálọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyá mi. Ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ yẹn, tí ọmọkùnrin tiwọn náà jagun, ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Wọn ò ké háà, wọn ò sì ní kí n kó jáde nílé. Wọ́n ní: "Má fọwọ́ kàn án mọ́. Dúró lọ́ọ̀ọ́kán, níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Tan iná, pe orúkọ rẹ̀, sọ fún un pé ìwọ ni, pé ilé ló wà." Mo ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn. Ó jí, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, ó sì yíjú sí ògiri, ó sùn. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ tí omijé ń bọ́ lójú mi. Kò sí dókítà tó kọ́ mi nírú èyí rí, torí kò sí èyí tó bi mí bí èmi ṣe ń sùn.

Ìgbà tí mo kà nípa ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, kò yà mí lẹ́nu. Ní 1970, ní New York, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Vietnam dé ló ń jókòó pọ̀, tí wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí fún ara wọn, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ díẹ̀ sì wá jókòó tì wọ́n. Ọdún 1980 ni orúkọ PTSD tó wọ inú ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ máa bá lọ. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ mú ọkọ mi lọ sí àpéjọ kan tí wọ́n ti ní kí kálukú sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, pé bó bá ti tú u jáde, ara á fúyẹ́. Òru mẹ́ta gbáko ni kò fi fojú ba oorun lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó kọ̀ jálẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bá àwọn míì gbé jáde ní 2011 sọ ọ́ kedere: kí olùrànlọ́wọ́ wo ohun tó ń lọ, kó tẹ́tí sílẹ̀, kó sì júwe ibi tí ìtọ́jú wà, kó má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìtọ́jú tó ń mú èèyàn padà sínú ìrántí náà wà lóòótọ́, òun ló sì ran ọkọ mi lọ́wọ́ jù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló ti gbà á, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kì í ṣe iṣẹ́ olùyọ̀ǹda ara. Nítorí náà ẹ bi wọ́n: ta ló dá yín lẹ́kọ̀ọ́? Ta lẹ máa ń pè bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ? Ta ló ń tẹ́tí sí ẹ̀yin náà? Ẹgbẹ́ tí kò bá rí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáhùn, àárẹ̀ máa mú wọn kó tó pẹ́.

Bí ọkọ yín bá sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àìsàn ló ń ṣe bàbá wọn, àti pé kì í ṣe àwọn ló fà á. Àkọ́bí tèmi ti rò pé tóun bá rìn jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá òun á padà bọ̀ sípò.

Ní ti àṣírí, mi ò fi ibi tí mò ń lọ pa mọ́ fún un. Mo ní: "Mò ń lọ nítorí ara mi. Ohun tí mò ń là kọjá ni mo máa sọ, ohun tíwọ rí lójú ogun, tìẹ ni." Kò fèsì. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí mo ti ń lọ, ó ní òun á fi mọ́tò gbé mi lọ torí pé òjò ń rọ̀. Inú mọ́tò ló jókòó sí títí a fi parí. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda jáde lọ, ó fara ti ọkọ̀ náà, kò sì pè é wọlé. Àwọn méjèèjì ń wo ojú títì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti gbé àga kan síbi ògiri kọ̀rọ̀, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ó wọlé, ó wò yíká, ó lọ jókòó síbẹ̀.