"Who her" tàbí "whose": iṣẹ́ tí "rẹ̀" ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì wa

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí ní òun gbọ́ lẹ́nu olóòtú ètò kan lórí rédíò pé "whose" wà fún ènìyàn nìkan, àti pé ẹni tó bá sọ pé "the house whose roof was blown off" ti ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́, nítorí pé ilé kì í ṣe ènìyàn. Ó tún ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun níbi iṣẹ́ máa ń fi òun rẹ́rìn-ín bí òun bá sọ pé "the woman who her shop got burnt", ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ìdí tí kò fi tọ̀nà. Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ, mo sì máa dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ná. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́ láti kọ́ ará ìlú kò yẹ ìwé kankan wò kó tó la ẹnu.

Irọ́ ni pé ènìyàn nìkan ló ni "whose". Láyé àtijọ́, "hwæs" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀rọ̀ náà, òun kan náà ni wọ́n sì ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ "ti ta ni" àti "ti kí ni", láìya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kì í ṣe ènìyàn. Nínú Bíbélì Òyìnbó tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1611, ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ẹsẹ kọkànlá, ọ̀rọ̀ igi eléso ni wọ́n ń sọ tí wọ́n fi kọ "whose seed is in itself". Igi ni, kì í ṣe ènìyàn. Bí olóòtú wa bá fẹ́, kó máa sọ pé "the house the roof of which was blown off". Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ó kàn wúwo lẹ́nu ni. Mo ti parí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "who her" ló yẹ ká jókòó tì. Àwọn tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín rò pé àìkàwé ló fà á, àwọn olùkọ́ mìíràn a sì kàn fi bírò pupa fa ilà sí i láìsọ nǹkan kan. Èmi tí mo ti máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà títí irun fi funfun lórí mi, ohun tí mo gbà gbọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè yí mi lérò padà lórí rẹ̀, ni pé Yorùbá tó dáa ló ń bẹ nídìí àṣìṣe yẹn. Wo bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: "obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná". "Tí" ló ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. "Rẹ̀" ló sọ ìyẹn. Bí o bá yọ "rẹ̀" kúrò, tí o wá sọ pé "obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù jóná", ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò máa wò ọ́ lẹ́nu, yóò máa retí ìyókù. Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè wa fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá wá fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi "who" sí ipò "tí", ó fi "her" sí ipò "rẹ̀", kò sì jẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "whose", ló gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó.

Ẹ̀rí mi nìyí fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn. A kì í sọ pé "ọkùnrin tí mo rí i" nígbà tí a bá ń sọ ẹni tí a rí. "Ọkùnrin tí mo rí" la máa ń sọ, a ò fi nǹkan kan dí àyè ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sọ "the woman who her shop got burnt" kì í fi í sábà sọ "the man who I saw him". Bó bá jẹ́ pé àìmọ̀kan lásán ni, ì bá máa ṣi méjèèjì sọ.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ilé-kéwú yóò mọ̀ pé àwọn Lárúbáwá a máa sọ pé "ar-rajulu alladhī māta abūhu", ọkùnrin tí baba rẹ̀ kú. "Hu" tó gbẹ̀yìn yẹn ni "rẹ̀" tiwa. Kódà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Geoffrey Chaucer, akéwì wọn tó kú ní ọdún 1400, ń sọ nípa jagunjagun kan tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún egungun àyà rẹ̀, ohun tó sì kọ ni "that with a spere was thirled his brest boon". "That" níwájú, "his" lẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bí "tí" àti "rẹ̀". Bí Chaucer bá jókòó sí ọ́fíìsì yín lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ì bá fi òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ayé ti yí lórí ìyẹn, "whose" ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń béèrè, òun náà ló sì yẹ kí o lò.

Báwo ni wàá ṣe mọ ibi tí yóò wà? Òwe kan ni mo fi máa ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò sì tíì rí ohun tó dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí: "Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀." Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan á kọ "a child who his hand". Ìyẹn la ti ń sọ bọ̀. Àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbọ́ ìkìlọ̀ nípa "whose" á wá fi sí ibi méjèèjì, wọ́n á kọ "the death whose father he killed" tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé Ikú ní baba, tí ẹnìkan sì lọ pa á. "Rẹ̀" méjì ló wà nínú òwe náà, ọmọ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló di "whose".

Ohun tó tẹ̀ lé "tí" ni kí o máa wò. Lẹ́yìn "ọmọ tí", ohun tó kàn ni "ọwọ́ rẹ̀", ìyẹn ohun tí ọmọ náà ní, tí "rẹ̀" sì ń fa olóhun padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni "whose hand" wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn "ikú", "tó" la rí, "tó" yẹn sì ni "tí ó": ikú fúnra rẹ̀ ló ń ṣe nǹkan, òun ló pa ènìyàn, a ò sì sọ pé ó ní ohunkóhun. Nítorí náà, "the death that killed his father" ni, "his" á sì dúró sí àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bákan náà ni "ọkùnrin tó sọ bàtà rẹ̀ nù". "Tí ó" ló wà níbẹ̀, nítorí náà "the man who lost his shoes" ni, kò sí ibi tí "whose" fẹ́ gbà wọlé. Àmọ́ bó bá jẹ́ "ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ sọ nù", ohun ìní rẹ̀ ló tẹ̀ lé "tí", ó sì di "the man whose shoes got lost".

Ṣùgbọ́n ta ló ń fetí sí "tí" àti "tí ó" mọ́? Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tí wọ́n ní kó má sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé lórí nílé-ìwé bó bá ṣèèṣì sọ ọ́, ló tún ń sọ "my friend that his daddy travelled", nítorí pé ẹnu àwọn òbí rẹ̀ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gba èdè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò sì ní òwe tí à bá fi tún un ṣe.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù kò gba àkókò. "Whose" kì í yí padà fún ẹni púpọ̀: "àwọn tí ilé wọn wó" ni "those whose houses collapsed", kò sí "whose their". A kì í fi "the" sáàárín òun àti ohun tó tẹ̀ lé e. "Who's" tó ní àmì kékeré lókè jẹ́ "who is" tàbí "who has" tí wọ́n ké kúrú, kò sì kan ọ̀rọ̀ ìní rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e, ohun tí a ní ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó ni ín: "the man whose children are abroad", kì í ṣe "is", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni.

Èyí tó máa ń dààmú ènìyàn jù ni ìgbà tí ohun ìní náà bá jìnnà sí "tí", bí a ti ń sọ pé "ọkùnrin tí a sùn sí ilé rẹ̀". Ìparí ni "ilé rẹ̀" wà nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì á fà á wá síwájú, á sọ ọ́ mọ́ "whose": "the man whose house we slept in". Bí o bá ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, o lè fa "in" náà wá síwájú, kí o kọ "the man in whose house we slept". Méjèèjì ló tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ni wàá máa gbọ́ lẹ́nu wọn jù.