Thunderbird ṣì kún lẹ́yìn tí ẹ ti pa lẹ́tà rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹ ní ẹ ti pa rẹ́ nínú Thunderbird, ìyẹn ètò tí ẹ fi ń ka ìmeèlì, síbẹ̀ tí àyè ò ṣí lórí láptọ́ọ̀pù yín, kò tíì kúrò níbẹ̀ ni. Thunderbird kàn sàmì sí i ni. Inú fáìlì ńlá kan náà ló ṣì wà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn nípa POP.

1. Ẹ da Trash nù, ìyẹn ibi tí lẹ́tà tí ẹ pa rẹ́ ń lọ.
2. Ẹ tẹ File, kí ẹ wá tẹ Compact Folders. Èyí ló máa yọ lẹ́tà tó ti sàmì sí kúrò nínú fáìlì náà.

Ẹ̀dà tuntun fáìlì náà ni Thunderbird máa kọ́kọ́ kọ kó tó pa ti àtijọ́ rẹ́, nítorí náà bí díìsìkì bá ti kún dẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ Downloads mọ́ díẹ̀.

Bó bá jẹ́ IMAP lẹ ń lò (ọ̀nà ìgbalẹ́tà tí lẹ́tà ń wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ìmeèlì yín), ẹ lọ sí Account Settings, Synchronization & Storage, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Keep messages in all folders for this account on this computer". Lẹ́tà yín ṣì wà lórí sáfà, àmọ́ ẹ máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà á.

Bó bá jẹ́ POP ńkọ́, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbé lẹ́tà wá sórí láptọ́ọ̀pù, tó sì lè pa á rẹ́ lórí sáfà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ẹ̀dà orí láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló kù. Ẹ kó o sórí fláàṣì ná.