Kí ló dé tí wọ́n tún ń tún máàpù ojú ọ̀run ti Planck ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Ìkòròdú, òótọ́ ni pé sátẹ́láìtì Planck, tí àjọ òfurufú Yúróòpù (ESA) fi ya máàpù ìtànṣán àtijọ́ ojú ọ̀run, ti dákẹ́ láti 2013, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì wà lára ohun tó kó jọ. Ìtànṣán tó ṣẹ́ kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé tutù gan-an, 2.725 kelvin péré, ìyàtọ̀ ìgbóná-òtútù rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 100,000 lọ. Eruku àárín àwọn ìràwọ̀ àti ariwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ (ìdàrú tí ẹ̀rọ ń kó sínú dátà) máa ń bò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń wá ohùn ọmọ rẹ̀ lọ́jà Sábó. Ní 2020, NPIPE, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tún dátà Planck ṣe, ṣètò dátà irinṣẹ́ méjèèjì tó wà lórí sátẹ́láìtì náà pa pọ̀, ó tún lo èyí tí wọ́n kó nígbà tí sátẹ́láìtì ń yíjú padà, tí wọ́n ti pa tì tẹ́lẹ̀. Ariwo sì dín kù. Máàpù NPIPE yìí gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni lórí Planck Legacy Archive, ibi ìpamọ́ dátà Planck lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.